Màmá Tó Ń Fa Okùn Agogo ní Dagenham

“Tú u sílẹ̀ báyìí,” ni màmá náà wí, mo sì tú u sílẹ̀. Okùn náà sáré gòkè, ó gba ihò kékeré tó wà lára àjà kọjá, gbogbo yàrá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí agogo tó dún lókè orí wa. Kì í ṣe etí nìkan ni mo fi gbọ́ ọ. Pákó tí mo dúró lé gbọ̀n, eyín mi náà gbọ̀n. Yàrá náà ń rùn fún ìgbẹ́ ẹyẹlé, fún eruku, àti fún kẹrosíìnì tó ń jó nínú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń lé òtútù. Màmá náà kò yìn mí. Ó kàn mirí, ó ní kí n tún okùn mú.

Òyìnbó ni, ilé rẹ̀ fara ti tiwa ní Dagenham tó bẹ́ẹ̀ tí a máa ń gbọ́ ọ bó bá gbé kẹ́tùlù kaná. Lọ́jọ́ tí a kó dé, ó sọ fún gbogbo wa pé ká máa pe òun lórúkọ, ṣùgbọ́n ìyá mi kò lè fi orúkọ pe ẹni tó ju ìyá tó bí i lọ. Màmá Òyìnbó là ń pè é nínú ilé. Bí a bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀, a ó pè é ní Gráńmà. Bí ìyá mi bá wà níbi iṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, tí bàbá mi ń wa bọ́ọ̀sì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń yà sí láti ilé ìwé. Á fún wa ní tíì àti búrẹ́dì oníbọ́tà, rédíò á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lójú fèrèsé.

Nídìí tábìlì yẹn ló ti sọ fún wa pé, nígbà tí òun wà lọ́mọdé, máàpù ayé kan wà lára ògiri kíláàsì àwọn, àwọ̀ pupa ló sì gba ibi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Olùkọ́ wọn á fi ọ̀pá tọ́ka sí i, á ní tiwa ni gbogbo èyí. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè bóyá Nàìjíríà wà lára rẹ̀. Ó ní ó wà níbẹ̀. Ó mu tíì díẹ̀ sí i.

“Tiwa ni gbogbo ayé nígbà náà,” ó ní, “ẹ̀yìnkùlé la sì ń lọ yàgbẹ́ nínú òtútù.”

Kò rẹ́rìn-ín, kò sì kanjú. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ òjò ló ṣe sọ ọ́.

Ọkọ rẹ̀ ti kú ká tó dé àdúgbò. Ilé iṣẹ́ mọ́tò ńlá ló ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi ń dín òṣìṣẹ́ kù. Ilé ọtí tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń yà sí ti kógbá wọlé, ìjọ Aládùúrà wa ló wá ń lo ibẹ̀. Ó sọ fún ìyá mi lọ́jọ́ kan pé ibi tí ọkọ òun máa ń jókòó sí gan-an ni pẹpẹ wa wà. Ìyá mi fẹ́ bẹ̀ ẹ́, kò mọ ohun tí yóò bẹ̀ ẹ́ fún.

Agogo mẹ́fà ló wà nínú ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, ẹni mẹ́fà ló sì yẹ kó máa fà wọ́n, kí ọ̀kan máa tẹ̀lé èkejì. Nígbà tí mo fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó ti ku ẹni mẹ́rin, arúgbó ni gbogbo wọn. Ó ti bẹ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wọn, ó ti bẹ àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀. Gbogbo wọn ní ó dáa, ẹnì kan ò wá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó kanlẹ̀kùn wa, ó sì bi ìyá mi bóyá ó lè yá òun ní àwọn ọmọ rẹ̀.

Bàbá mi kò fẹ́. “Àwọn tó ni agogo ò fẹ́ ẹ mọ́,” ó ní. “Kí ló wá kan ọmọ tèmi?” Ìyá mi rán an létí ẹni tó ń bá wọn tọ́jú ọmọ. Bàbá mi ní òun máa lọ kọ̀ fún un fúnra òun, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dé, ó jókòó láìbọ́ kóòtù. Ó ní irú ọkọ̀ tí bàbá òun fi ṣe takisí l'Ábẹ́òkúta, ọkọ màmá yìí wà lára àwọn tó ń ṣe é, nítòsí ibi tí a jókòó sí yìí. Bàbá òun máa ń nù ún láràárọ̀, á ní ohun tó bá ti Ìlú Ọba wá kì í bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní ká máa lọ.

A kọ́ ọ ní gbogbo ìgbà òtútù yẹn. Ibi tí wọ́n fi òwú rírọ̀ dì lára okùn ni a ń dì mú. Ẹni tí kò bá tètè tú u sílẹ̀, okùn á gbé e kúrò nílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, bí a bá ti lu agogo tán, a ó sáré lọ wọ aṣọ funfun wa, a ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ilé ọtí àtijọ́, òórùn tùràrí á gba imú wa.

Kò tó ọdún kan tí àwọn tó wá yẹ ilé ìṣọ́ náà wò fi sọ pé igi tó gbé agogo dúró ti ń là. Owó àtúnṣe pọ̀ ju agbára ìjọ tó ku ìwọ̀nba arúgbó lọ. Wọ́n ní ká lù ú lẹ́ẹ̀kan sí i, kó tó parí.

Lọ́jọ́ náà, bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ ìsùn ló wà lábẹ́ kóòtù rẹ̀. Ilé alájà tuntun tó wà ní òdìkejì ló ń gbé. Ó ní òun ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ọjọ́ Ìsinmi nìkan lòun fi ń sùn, ta ló fún wa láṣẹ láti máa pariwo. Ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́ fèsì. Màmá náà gbé ọwọ́ lé e léjìká.

“Kò ní dún mọ́,” ó sọ fún ọkùnrin náà. “Máa sùn.”

Ọkùnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúpẹ́ tọkàntọkàn, ó padà wọlé.

Lójú ọ̀nà, mo bi í ìdí tí kò fi sọ fún un bí agogo náà ti pẹ́ tó. Ó ní bó bá di ohun tí èèyàn ń ṣàlàyé, ó ti lọ nìyẹn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó wá sí ìjọ wa. Ó bọ́ bàtà bíi ti gbogbo èèyàn, ó jókòó sẹ́yìn lọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Àwọn ìyá ń kọrin níwájú. Àwọn ọ̀dọ́ wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀, fóònù lọ́wọ́ wọn. Ó tẹ́tí sí orin náà fún ìgbà díẹ̀, ó wá bi mí kí ni wọ́n ń wí.

Mo mọ orin náà látòkèdélẹ̀. N ò mọ ohun tó ń sọ. Mo ní wọ́n ń yin Ọlọ́run. Ó ní ìyẹn hàn sí òun. Ó wo ọ̀ọ̀dẹ̀ níbi tí àwọn ọ̀dọ́ wà, ó tún wo ìyá mi lọ́ọ̀ọ́kán.

“Bi ìyá rẹ,” ó ní, “nígbà tó ṣì wà láyé.”

Nílé, ìyá mi ń rẹ́ ẹ̀fọ́ nígbà tí mo bi í kí ni Arábàríbítí tó wà nínú orin náà. Ó ní ó túmọ̀ sí pé Ọlọ́run tóbi. Mo ní ṣé ohun tó túmọ̀ sí gan-an nìyẹn. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

“N ò mọ̀ tán,” ó ní. “Ìyá mi ni ì bá mọ̀.”

Ìyá rẹ̀ ti kú. Ó rọra bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ẹ̀fọ́ lọ.

Màmá Òyìnbó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ létíkun lẹ́yìn náà, a sì gbọ́ ikú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ti sin ín. Barking, nítòsí Dagenham, ni mò ń gbé báyìí. Mo máa ń gbọ́ táwọn èèyàn wa ń sọ ní ìdúró bọ́ọ̀sì pé Ìlú Ọba ti bàjẹ́, pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. N kì í bá wọn jiyàn. Mo ti rí bó ṣe ń ṣẹlẹ̀: kò sí ogun, kò sí ariwo, àwọn tó mọ ohun kan ń kú, àwọn tó kù kò béèrè, wọ́n fẹ́ sùn. N kò rò pé ti òyìnbó nìkan ni.

Ọmọ mi obìnrin ti ń bi mí ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ báyìí. Bí n kò bá mọ̀, n kì í sọ fún un pé ó túmọ̀ sí pé Ọlọ́run tóbi. Mo máa ń sọ pé n kò mọ̀. A ó wá pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìjẹ̀bú. Etí wọn ti di díẹ̀, a ní láti pariwo ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń gbé fóònù wọn.