Géètì Tí Wọ́n Tì Mọ́ Delia Conneely

Delia Conneely kú ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, nínú ilé tí wọ́n bí i sí ní Gortnamona, nígbà tí áńbúláǹsì tí a pè fún un dúró lẹ́yìn géètì tí wọ́n fi àgádágodo tì. Dókítà ní àrùn ọkàn ló pa á. Mi ò bá dókítà jiyàn. Ohun tí èmi ń béèrè ni pé, ta ló ti géètì?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí láti ọjọ́ náà ni àwọn kan ti ń rọra fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀, bí ẹni ń fi eérú bo iná.

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní etíkun Ireland yìí pé inú irà Gortnamona ni bàálù àwọn ọkùnrin méjì yẹn forí sọ lẹ́yìn tí wọ́n fò ré òkun Àtìláńtíìkì kọjá láì dúró, èyí tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí, nígbà tí àwọn ìyá ìyá wa ṣì ń fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kó ògúlùtu irà wálé láti fi dáná. Láti òkè, ilẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì ní àwọ̀ ewéko tútù. Wọ́n rò pé pápá ni. Imú bàálù wọlé ṣinrin, ìdí rẹ̀ yọ sókè bí ìdí pẹ́pẹ́yẹ tó ń wá oúnjẹ lábẹ́ omi. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn ni Festus Conneely, bàbá Delia, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gé ògúlùtu irà lọ́wọ́ ní tòsí ibẹ̀. Ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó bọ́ sínú ẹrẹ̀ tó mù ún dé itan, ó pọn èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ́ jáde, ó sì padà lọ fa èkejì.

Bí o bá lọ sílé Delia, kí o tó jókòó dáadáa, tíì ti dé, ìtàn náà ti dé.

"Bàbá mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì," á ní, "àwọn náà ò gbọ́ èdè wa. Ṣùgbọ́n ẹyin sísè ò nílò ògbufọ̀. Gbogbo ẹyin ilé ni wọ́n jẹ. Ìyá bàbá mi kàn ń wo ẹnu wọn ni, ó ń ronú ọjà tí ì bá fi ẹyin yẹn ná."

Á wá rẹ́rìn-ín, á fi ọwọ́ nu ojú, á bu tíì kún kọ́ọ̀pù rẹ láì bi ọ́ bóyá o tún fẹ́.

Ilé Delia ló sún mọ́ ibi tí bàálù balẹ̀ jù. Kò lọ́kọ, kò bímọ. Àgùntàn díẹ̀ ló ń sìn, àti irà yẹn. Òun ló to òkúta pẹlẹbẹ sójú ọ̀nà ibẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, kí àlejò má baà rì. Òun ló ń fi ẹfun kun òkúta náà ní gbogbo ìgbà ìrúwé, kí ojú lè rí i nígbà tí ìkúùkù bá sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Ẹni tó ti Amẹ́ríkà wá, ẹni tó ti Jámánì wá, ọmọ iléèwé tó wá pẹ̀lú tíṣà rẹ̀, Delia ló mú gbogbo wọn dé ibẹ̀ pẹ̀lú bàtà rọ́bà rẹ̀. Ó ní ibi tí òun máa ń dúró sí, á na ọ̀pá rẹ̀, á ní, "Ibí ni." Ìjọba kọ́ ló ní kó ṣe é. Ẹnikẹ́ni ò rán an níṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá ṣe é ni, ibẹ̀ ì bá ti di ibi tí àgùntàn ń rì sí, kò sì sí ohun tí Ìgbìmọ̀ Ìrántí ì bá rí ṣe àjọ̀dún lé lórí.

Ìgbìmọ̀ Ìrántí. Ẹ má bínú, bí mo bá ti pe orúkọ yẹn, itọ́ máa ń korò lẹ́nu mi.

Nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún tí bàálù balẹ̀ ku díẹ̀ kó pé ni wọ́n gbé ìgbìmọ̀ yìí kalẹ̀, wọ́n sì fi Ọ̀gbẹ́ni Fintan Garrihy ṣe alága, ọkùnrin kan láti ìlú ńlá, tí kò tíì fi bàtà kan irà rí. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gbé òkúta ìrántí ńlá kan kalẹ̀ sórí òkè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì. Ibi tí wọ́n gbé e sí jìnnà gan-an sí ibi tí bàálù balẹ̀. A bi wọ́n léèrè ìdí. Wọ́n ní irà máa ba bàtà mínísítà jẹ́.

Wọ́n kọ orúkọ àwọn awakọ̀ bàálù méjèèjì sára òkúta náà, ìyẹn tọ́. Wọ́n kọ orúkọ mínísítà. Wọ́n kọ orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ tó dáwó. Festus Conneely tó pọn ènìyàn jáde nínú ẹrẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ ni pé "àwọn ará àdúgbò kan" ṣèrànwọ́. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ sì jókòó sẹ́yìn pátápátá lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí òkúta náà, lẹ́yìn àwọn tó ń ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n dáwó, ó ń na ọrùn kó lè rí aṣọ tí wọ́n fẹ́ ṣí lórí òkúta bàbá rẹ̀ tí kì í ṣe òkúta bàbá rẹ̀.

Mo bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ayẹyẹ náà. Mo ní, "Ẹ ò bínú, Ìyá Delia?"

Ó ní, "Bàbá mi ò tìtorí òkúta gbé wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n bá mi wí lónìí pé kí n má dúró síwájú kámẹ́rà. Ìyẹn dùn mí."

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí ni, èmi ì bá máa fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe ẹ̀rín. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n ṣe àjọ̀dún ni wọ́n ti ri géètì irin kan mọ́ ojú ọ̀nà tó wọ Gortnamona. Wọ́n ní ààbò ibi ìtàn ni. Wọ́n fi ṣéènì dè é, wọ́n fi àgádágodo sí i. Àjọ̀dún kọjá, wọ́n tú àgọ́, wọ́n kó àga, wọ́n gbé asíá lọ. Géètì dúró. Ilé kan ṣoṣo tí ènìyàn ń gbé ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ilé Delia ni. Ẹni tó bá fẹ́ lọ kí i gbọ́dọ̀ gun àtẹ̀gùn òkúta inú ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, kó sì fi ẹsẹ̀ rin gbogbo ọ̀nà yòókù nínú atẹ́gùn òkun. Obìnrin tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún ń pọn àpò ìyẹ̀fun rẹ̀ gun ògiri, nítorí pé wọ́n ń dáàbò bo ìtàn bàbá rẹ̀.

Ó sọ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé kò sọ ọ́. Mo wà ní gbọ̀ngàn ìjọ nígbà tó dìde ní ìpàdé.

"Alága, géètì tí ẹ fi sójú ọ̀nà mi, ìgbà wo lẹ máa yọ ọ́?"

"Ìyá Delia, ẹ rí i, ààbò ibẹ̀ là ń rò. Àwọn tó ń gbé ọkọ̀ ńlá wọnú irà ń ba ibẹ̀ jẹ́."

"Ọkọ̀ ńlá wo? Ọkọ̀ tó tóbi jù tó tíì wọ irà yẹn ni bàálù ọjọ́sí."

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Alága náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "A ń ṣe ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́. Ẹ máa rí tiyín gbà."

"Ṣé ọwọ́ ni wọ́n fi ń rọ ọ́ ni, tó fi pẹ́ tó báyìí? Ó dáa, ká ní mo tiẹ̀ rí i gbà. Bí mo bá dákú ńkọ́? Ṣé èmi náà ni mo máa dìde lọ ṣí i fún àwọn tó ń bọ̀ wá gbé mi?"

"Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó ṣẹlẹ̀, Ìyá."

"Ọlọ́run kọ́ ló ti géètì, Fintan."

Ó jókòó. Alága ní kí a bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tó kàn. Ọ̀rọ̀ tó kàn ni àwọ̀ tí wọ́n máa fi kun àwọn àga tí arìnrìn-àjò afẹ́ máa jókòó lé. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Kọ́kọ́rọ́ náà kò dé títí obìnrin náà fi kú.

Bartley Mannion, aládùúgbò rẹ̀ tó ń gbé lápá ibí géètì, ló máa ń gbé wàrà lọ fún un láràárọ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó bá a níbi tó jókòó sí lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó di àyà mú, ojú rẹ̀ ti funfun. Bartley pe áńbúláǹsì. Wọ́n tètè dé, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Wọ́n dé géètì, wọ́n dúró.

Obìnrin tó wa ọkọ̀ náà sọ fún mi fúnra rẹ̀ pé òun pe nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára géètì. Ẹni tó gbé e ní kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ alága. Alága wà ní Dublin, ó lọ gba àmì ẹ̀yẹ nítorí àjọ̀dún tó ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n òmíràn wà ní òtẹ́ẹ̀lì. Ó pe òtẹ́ẹ̀lì. Ọmọbìnrin tó dá a lóhùn níbẹ̀ ní òun ò lè gbé e fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé alága fọwọ́ sí i. Wọ́n pe alága. Alága ò gbé e, torí ó wà lórí pèpéle.

Wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n gbé ohun tí agbára wọn ká, wọ́n gun ògiri, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sáré nínú ẹrẹ̀.

Nínú ilé, Delia bi Bartley pé, "Ṣé wọ́n ti dé?"

"Wọ́n wà ní géètì. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ bọ̀."

Delia wo ẹnu ilẹ̀kùn. Ó ní, "Òkun ṣeé fò. Géètì Fintan ni ò ṣeé fò." Bartley ní ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, àyà ò jẹ́ kó lè rín in. Ó ní kí Bartley má gbàgbé àgùntàn. Kò sọ nǹkan mìíràn mọ́. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ náà wọlé, tí òógùn bò wọ́n, wọ́n ṣe gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀. Ó ti lọ.

Wọ́n ní àwọn máa gbé òkú náà gba orí ògiri kọjá. Bartley ní, "Rárá. Mi ò ní jẹ́ kí ẹ gbé Delia fo ògiri bí àpò ọ̀dùnkún." Ó rìn padà lọ sílé rẹ̀, ó gbé katakata jáde, ó so ṣéènì mọ́ géètì náà, ó sì fà á tu tòun ti òpó. Áńbúláǹsì wọlé nígbà náà. Ó wọlé wá gbé òkú.

Ṣé ẹ rò pé ojú tì wọ́n? Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn ò sunwọ̀n láàyè. Òdòdó tí wọ́n tò bí bàálù ni Ìgbìmọ̀ Ìrántí gbé wá sí ìsìnkú rẹ̀, pẹ̀lú ìyẹ́ méjèèjì. Alága dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó pe Delia ní "olùtọ́jú ìrántí wa." Obìnrin kan náà tí alága fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìpàdé lọ sórí àwọ̀ àga. Fadá ń wo ilẹ̀. Èmi ń wo bàtà alága. Ó mọ́ tónítóní.

Kí a sì tó gbé e dé itẹ́ òkú, géètì tuntun ti wà ní Gortnamona. Irin rẹ̀ nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó pẹ́ tí a ti ń bẹ ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n wá dí kòtò ojú ọ̀nà wa, wọ́n ní àwọn ò rí òṣìṣẹ́. Wọ́n rí òṣìṣẹ́ ri géètì ní ọ̀sẹ̀ ìsìnkú.

Èyí tó kó mi nírìíra jù ṣì ń bọ̀. Níbi tí a ti ń jẹun lẹ́yìn ìsìnkú, ọlọ́pàá àdúgbò wa wọlé, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ibi tó máa gbé ojú sí.

"Bartley, má bínú. Ìgbìmọ̀ ti fẹjọ́ sùn pé o ba dúkìá jẹ́. Wọ́n ní kí n gbọ́ tẹnu ẹ."

"Jókòó, jẹ búrẹ́dì," ni Bartley wí. "Èmi ni mo fà á tu. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé kò sí ohun tó o fẹ́ fi kún un?"

"Fi kún un pé ọjọ́ tí wọ́n gbé e síbẹ̀ ló yẹ kí n ti fà á tu."

Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí. Ẹni tó ti ọ̀nà mọ́ aláìsàn gba àmì ẹ̀yẹ. Ẹni tó ṣí ọ̀nà fún òkú ń lọ sílé ẹjọ́. Irú ìrántí wo nìyí? Ta là ń rántí gan-an, bí kì í bá ṣe ara wa àti àwòrán wa nínú ìwé ìròyìn? Àwọn awakọ̀ bàálù yẹn, bí wọ́n bá jí dìde lónìí, ilé ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè? Ṣé òtẹ́ẹ̀lì ni?

Mi ò fẹ́ òdòdó. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ Delia sọ àga kankan. Kí wọ́n yọ géètì náà kúrò, kó má sì sí òmíràn níbẹ̀ mọ́. Kí wọ́n fa ìwé ẹjọ́ Bartley Mannion ya. Kí wọ́n gbẹ́ orúkọ Festus Conneely sára òkúta, lábẹ́ orúkọ àwọn tó gbé jáde, kì í ṣe lábẹ́ orúkọ àwọn tó dáwó.

Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn, gbogbo ará etíkun yìí máa pé jọ sí gbọ̀ngàn ìjọ. A ti ránṣẹ́ sí Ọ̀gbẹ́ni Garrihy. Kó wá, kó dúró níwájú wa, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tó pàṣẹ pé kí wọ́n ti géètì náà, ìdí tí kọ́kọ́rọ́ ò fi dé ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó, àti ẹni tó rán àwọn òṣìṣẹ́ lọ ri òmíràn kí òkú rẹ̀ tó wọlẹ̀. Bí kò bá wá, kó kọ̀wé fi ipò alága sílẹ̀. Bí kò bá kọ ọ́, a ó máa bi í ní ọjà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní òtẹ́ẹ̀lì, níbikíbi tó bá ti dìde láti sọ̀rọ̀, títí tó máa fi dáhùn.