Àwo Tí Abẹ́rẹ́ Kò Kàn Rí

Má-fọwọ́-kàn-án ni àwọn ará àdúgbò ń pe télọ̀ náà, kò sì bínú sí i, torí ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde jù lọ nìyẹn. Bí àlejò bá wọ pálọ̀ rẹ̀, yóò ti sọ ọ́ kó tó kí i káàbọ̀. Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ló kún ara ògiri láti ilẹ̀ dé àjà: orin jáàsì, ti àwọn afunfèrè sasofóònù ayé ìgbà tí bàbá rẹ̀ ṣì jẹ́ àpọ́n. Ó rán ẹ̀wù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, pẹ̀lú bọ́tìnnì mẹ́ta. Ṣòkòtò oníbàárà lè wà nílẹ̀ fún oṣù méjì láìní bọ́tìnnì, àmọ́ kò sí àwo tó wà níhòòhò nílé yẹn.

Èyí tó wà lókè pátápátá ni àyànfẹ́. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ló rà á lọ́wọ́ ọmọ olóògbé kan, ẹni náà sì búra pé abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àwo kò kàn án rí. Télọ̀ kò jẹ́ kó kàn án títí dòní. Ẹni tó ti fi abẹ́rẹ́ jẹun fún ogójì ọdún mọ̀ pé ohun tí abẹ́rẹ́ bá ti kàn, kò lè rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, á kàn wò ó, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ gbà mí o! Ọbẹ̀ wo là ń pè ní aládùn tí a kò tọ́ ọ wò?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, dókítà eyín kan tí òun náà ń kó àwo jọ wá sílé. Ó gbé méjì dání, àwọn méjì tí télọ̀ ti ń wá láti ìgbà tí irun ti wà lórí rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ kò bá kan àwo òkè yẹn rí lóòótọ́, pàṣípààrọ̀ yá: ọ̀kan fún méjì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ díẹ̀," ni dókítà wí. "Èmi kì í wo eyín láìla ẹnu aláìsàn."

Télọ̀ pa fáànù. Ó ti fèrèsé. Ó bẹ dókítà pé kó rọra máa mí. Ó tú bọ́tìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó gbé àwo lé ẹ̀rọ, ó sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tuntun sùn. Fèrè dún. Omi bọ́ lójú télọ̀. Fèrè gòkè, ó sì dúró díẹ̀.

Kó tó tún dún, ẹnì kan ti fi ẹnu kọ ohùn tó kàn láti ilé ìdáná.

Fèrè tẹ̀ lé e, bákan náà gẹ́lẹ́. Ó tún dúró, ohùn ilé ìdáná tún ṣáájú rẹ̀, ó tiẹ̀ ń fi ṣíbí lu ìkòkò níbi tí ìlù yóò ti wọlé.

"Ìyàwó yín ti gbọ́ eléyìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ," ni dókítà wí. Ó kó méjì rẹ̀ sábẹ́ apá, ó dágbére pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì dé ẹnu géètì kó tó bú sẹ́rìn-ín.

Télọ̀ já wọ ilé ìdáná. "Ìyá wọn! Ìgbà wo lo gbọ́ ọ?"

"Gbogbo Ọjọ́bọ̀, tí ẹ bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù." Kò gbójú sókè nídìí ewébẹ̀ tó ń gé. "Mo máa ń fọwọ́ o. Mo sì máa ń de bọ́tìnnì rẹ̀ padà."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọdún tí ẹ ti rà á. Ẹ ní ọkùnrin yẹn ló mọ fèrè í fun jù láyé. Mo ní kí n mọ̀ bóyá irọ́ ni."

Inú bí télọ̀. Ó fẹ́ sọ pé ìyàwó òun ti ba àwo jẹ́, àmọ́ fèrè ṣì ń dún ní pálọ̀, ó sì ń dùn wọ inú eegun. Ohun tó wá dùn ún jù ni pé ọdún mọ́kànlá ni àwo yẹn ti wà nílé, òun nìkan ni kò mọ̀ ọ́n. Ojú tì í gan-an. Orin sì dákẹ́.

"Ó ti tán," ló wí, bí ẹni tí wọ́n já oúnjẹ gbà lẹ́nu rẹ̀.

"Ojú kìíní ló tán." Ìyàwó rẹ̀ nu ọwọ́. "Ẹ wá jókòó, Bàbá wọn. Ojú kejì ló dùn jù. Màá fi ibi tí ẹ máa ti sunkún hàn yín."