Ọmọ Ọlọ Tí Mo Gbé Lórí Òkè

Oníbìínú ni mí, mi ò bò ó fún ẹnikẹ́ni rí. Bí àwọn ọdún 1980 ṣe ń parí lọ ni mo ti Ṣábẹ, lódìkejì bọ́dà, wá kàwé ní Ìlọrin. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìjà mi nígbà náà, kó ṣáà pè mí ní ará Dàhòmì. Èmi tí mo ń sọ Yorùbá láti inú ìyá mi wá! Ìyá mi yìí, èmi nìkan ló bí, ó sì ń dá gbé nílé.

Sátidé kan, olùkọ́ wa kó wa sínú bọ́ọ̀sì ní Post Office, ó ní ká lọ wo àwọn ìlú àtijọ́ orí òkè nílẹ̀ Ìgbómìnà, ká sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Méjì àkọ́kọ́ kò ju ògiri tó ti wó lọ. Ẹ̀kẹta ni mo ti dáràn. Àwọn ará ibẹ̀ ti ṣí lọ sísàlẹ̀ tipẹ́, àmọ́ ojú ọlọ tí àwọn obìnrin fi ń lọ ata ṣì wà lára àpáta, ó jinlẹ̀ bí àwo. Ọmọ ọlọ kan wà nínú ọ̀kan, ó ń dán. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo jù ú sí báàgì.

"Fi í sílẹ̀ o," ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ìlọrin, ló sọ bẹ́ẹ̀. "Wáláhì, nǹkan olóhun ni."

"Olóhun wo? Ewúrẹ́?"

Kò pẹ́, ìyá àgbà kan, ará ìlú náà, tó ń mú wa káàkiri ní ká wá wo ojú ọlọ ìyá òun. Ibẹ̀ gan-an ló mú wa lọ. Ó nawọ́, kò bá nǹkan kan. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní bóyá ó yí bọ́ sínú koríko. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Háà, èmi náà ń wá a! Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń tú koríko, báàgì ń bẹ léjìká mi. Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi: wọ́n á ní ará Dàhòmì jalè. Ọ̀rẹ́ mi ń wò mí.

Nígbà tó yá, ìyá náà nàró, ó ṣí gèlè lórí.

"Ẹni tó gbé ọmọ ọlọ ìyá mi, kò ní í rí ìyá tirẹ̀ sin."

Yéè! Mi ò mọ ìgbà tí mo ṣí báàgì. Orí eékún ni mo bá ara mi, òkúta lọ́wọ́, mo ń ké pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, èmi nìkan ni ìyá mi bí!"

Ìgbájú ni mò ń retí. Ìyá náà ló wá figbe ta jù mí lọ. "Ọmọdé ni! Yéè, ọmọdé ni!" Ó ń gbá ara rẹ̀ lẹ́nu. Ó ní àwọn tó ń wá kó nǹkan àtijọ́ lọ tà lòun rò pé ó gbé e.

Níbẹ̀, èpè tí wọ́n bá ṣẹ́ lójú ọlọ, ojú ọlọ náà ni wọ́n ti ń tú u. Ó tú ata gbígbẹ kan létí ìró, ó ní kí n lọ̀ ọ́, kí àwa méjèèjì jọ lá a. Mo lọ̀ ọ́, a jọ lá a. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ pé, "Ẹnu mi ló sọ ọ́, ẹnu mi ti kó o kúrò."

Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Ìyá rẹ wà láyé?"

"Ó wà, Màmá."

"Lọ wò ó. Kùmásì ni mo ti ń tajà nígbà tí ìyá mi kú síbí. Wọ́n ti sin ín kí ìròyìn tó kàn mí. Mi ò mọ ohun tó burú tó ìyẹn. Òun ló bọ́ lẹ́nu mi yẹn."

A ní ìdánwò lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mi ò ṣe é. Ilé ni mo gbà lọ.

Ìyá mi ló jókòó lẹ́nu ọ̀nà. N kò kọ́kọ́ dá a mọ̀. Ó ti rù kan egungun, ìró fi ẹ̀ẹ̀mejì yí i ká.

"Kí ló dé? Ṣé wọ́n lé ẹ ni?"

Mo bi í pé láti ìgbà wo ni àìsàn yìí ti ń ṣe é. Ó ní láti ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, àti pé òun ló ní kí ẹnikẹ́ni má kọ̀wé sí mi.