Ìbéèrè Tí Mi Ò Bi Sàádátù

Mo ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ agbẹ̀bí ní Ìlọrin kí n tó pàdé Sàádátù. Ọjọ́ tí a ń yẹ aláboyún wò ni, ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní àdúgbò Basin, agbẹ̀bí kejì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ò sì wá. Láti àárọ̀ ni mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún àwọn tí oyún wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró: èébì á máa gbé wọn, ọmú á máa ro wọ́n, oorun á máa kùn wọ́n, òórùn ọbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ lè máa rí wọn lára. Nígbà tó fi máa kan Sàádátù, ẹnu mi ti gbẹ, ẹsẹ̀ mi ti wú.

Ẹ̀pà ló ń tà ní Gáréèjì Ọ̀fà. Oyún àkọ́kọ́ ni, kò sì tíì ju ọ̀sẹ̀ méje lọ.

"Ìsàlẹ̀ ikùn ń dùn mí, mà. Apá ọ̀tún nìkan."

"Ara oyún ni," mo ní, mi ò tilẹ̀ gbójú kúrò lára káàdì tí mò ń kọ. "Lọ sinmi."

Ó dúpẹ́, ó jáde.

Ìgbà tí mo lọ bu omi mu ni mo rí i lórí bẹ́ǹṣì ìta, tó di èjìká mú, tí òógùn bò ó. Mo sáré lọ bá a. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà sínú ikùn, ó máa ń mú kí èjìká dunni.

"Sàádátù, ṣé o ti rí ẹ̀jẹ̀?"

"Ó ń kán díẹ̀díẹ̀ láti àná."

Kẹ̀kẹ́ tó ń kọjá ni mo dá dúró, mo fi itan gbé orí rẹ̀ títí a fi dé ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Oyún náà ò dé inú ilé ọmọ rárá. Ọ̀nà tóóró tí ẹyin ń gbà kọjá ló dúró sí, ọ̀nà náà sì ti bẹ́. Sàádátù yè. Oyún náà ò ṣeé dá sí.

Lọ́jọ́ kẹta, mo lọ kí i.

"Ṣé igbá ẹ̀pà tí mò ń rù ló fà á?" ó bi mí.

"Rárá. Kò sí ohun tó o ṣe. Èmi ló yẹ kí n ti bi ọ́ léèrè ẹ̀jẹ̀ kó o tó jáde."

"Mo fẹ́ sọ fún yín lọ́jọ́ náà, mà. Mo wò yín, mo rí i pé ó ti rẹ̀ yín. Mi ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu."

Oṣù tó ń bọ̀ ni mo máa fẹ̀yìn tì. Ó ṣì ń rẹ̀ mí, bóyá ju ti ìgbà yẹn lọ. Ohun tí mò ń sọ fún àwọn tí mò ń kọ́ níṣẹ́ ò pọ̀: aláboyún tó bá ní ikùn ń dun òun, gbé bírò sílẹ̀, wò ó lójú, bi í léèrè ẹ̀jẹ̀, bi í léèrè òòyì, bi í léèrè èjìká. Tó bá sì ti rẹ̀ ọ́, má jẹ̀ẹ́ kó mọ̀.