Ọjọ́ tí Ìyá Nọ́ọ̀sì Tú Ọ̀dán Rẹ̀

Bí Ìyá Nọ́ọ̀sì bá ti ri ìkòkò tó gbin igi rẹ̀ sí bọ inú bàsíà omi, afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde látinú iyẹ̀pẹ̀, omi á máa hó kùlùkùlù bí ẹni pé ọmọdé kan ń fẹnu fẹ́ ẹ láti ìsàlẹ̀. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á gbé etí sún mọ́ ọn. "Ó ń mu," ni yóò wí. "Jẹ́ kó mu yó." Tí híhó náà bá ti dákẹ́, á gbé ìkòkò sókè, omi á máa ro jáde láti ihò abẹ́ rẹ̀, òórùn ilẹ̀ tútù á sì gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.

Ọ̀wọ̀ ni à ń gbé nígbà náà, nígbà tí ọ̀kadà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di púpọ̀ ní ìgboro. Bàbá mi, ọmọ Òkèlúsè, ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ìyá mi, ọmọ Àkókó, ń ta ìwé àti bírò. Yàrá méjì la gbà. Ẹni tí yàrá rẹ̀ dojú kọ tiwa nínú àgbàlá kan náà ni Ìyá Nọ́ọ̀sì, opó kan tí wọ́n bí sí Ọ̀wọ̀, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé e káàkiri orílẹ̀-èdè. Obìnrin gíga ni, ó dúdú, ẹ̀yìn rẹ̀ nà gbọọrọ. Mi ò gbọ́ ọ kó pariwo rí.

Ó ní àwọn igi kéékèèké tó tò sórí bẹ́ǹṣì níwájú yàrá rẹ̀: ọsàn, ìrókò, àti ọ̀dán kan tó dàgbà ju gbogbo wọn lọ. Ọ̀dán náà kò ga ju orúnkún àgbàlagbà lọ, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ wú, ó ṣe kókó-kókó bí ọwọ́ àgbẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ sì di ilẹ̀ ìkòkò mú bí èékánná àṣá. Láti ara ògiri tó sán ní ibùgbé àwọn nọ́ọ̀sì ní Jọ́ọ̀sì ló ti fà á tu nígbà tó ṣì kéré bí ewébẹ̀. Sísítà òyìnbó kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gé gbòǹgbò àti ẹ̀ka, tí igi á fi dàgbà láìga. Láti ìgbà náà, ibikíbi tí iṣẹ́ bá gbé e lọ, orí itan rẹ̀ ni ọ̀dán náà máa ń wà nínú ọkọ̀.

"Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní bí wọ́n ṣe ń bomi rin igi níbẹ̀," ó máa ń sọ fún mi. "Ní Jọ́ọ̀sì, òtútù pọ̀ láàárọ̀. Mi ò ní fún un lómi àfi tí oòrùn bá ti yọ dáadáa. Ní Sókótó, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni, síbẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀ á gbẹ bíi gààrí, àfìgbà tí mo ri ìdí ìkòkò sínú yanrìn tútù. Pọ́tákọ̀ wá ńkọ́? Òjò ibẹ̀ kò mọ ìgbà tó yẹ kó dá. Ńṣe ni mo máa ń fi òkúta gbé ẹ̀gbẹ́ kan ìkòkò sókè kí omi lè ṣàn dànù."

Mo bi í pé Ọ̀wọ̀ ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀wọ̀ ń ṣe méjèèjì. Lásìkò òjò, á fẹ́ rì í. Lásìkò ọyẹ́, á fẹ́ sun ún. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi wo aago kí n tó bomi rin ín. Ìka ni mo fi ń bi í." Ó mú ìka mi, ó kì í bọ inú ilẹ̀ títí dé oríkèé. "Ó tutù àbí ó gbẹ?"

"Ó tutù, mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Fi í sílẹ̀ nígbà náà."

Mo fẹ́ràn àwọn igi náà torí pé wọ́n kéré bíi tèmi. N kì í dàgbà. Àbúrò mi ọkùnrin ti ga jù mí lọ, aṣọ ilé-ìwé tí wọ́n rán fún mi nígbà tí mo kọ́kọ́ wọlé ni mo ṣì ń wọ̀. Ikùn mi yọ, ojú mi funfun, ó sì máa ń rẹ̀ mí kí n tó rìn dé ilé-ìwé. Ìyá Nọ́ọ̀sì ti sọ fún ìyá mi pé kó gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó ń dáko kòkó ní Òkèlúsè, ti ránṣẹ́ pé àìsàn mi kì í ṣe ti ilé ìwòsàn. Òun ló tọ́ bàbá mi dàgbà, bàbá mi kì í sì í kọjá ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyá mi dákẹ́, ó ń gbààwẹ̀.

Ọyẹ́ ọdún náà le. Kànga ilé wa fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, omi pupa là ń fà jáde. Ètè gbogbo wa là. Ìyá Nọ́ọ̀sì kì í da omi tó fi ṣan ìrẹsì nù, òun ló ń fún àwọn igi rẹ̀ ní kùtùkùtù. Ní Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n bàbá mi dé láti Òkèlúsè. Kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tó fi rí mi níbi tí mo jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dán, tí mò ń rọ omi ìrẹsì sí i díẹ̀díẹ̀. Ó wo igi. Ó wò mí. Ó tún wo igi. Ó figbe ta.

"Háà! Ìdí ọ̀rọ̀ rèé! Igi tó yẹ kó ga ju ilé lọ, wọ́n dè é mọ́ inú ìkòkò, ọmọ wa ló tún ń bu omi fún un!"

Àwọn ará ilé jáde. Ìyá mi sáré dé láti ìdí aṣọ tó ń fọ̀, ọṣẹ ń ro lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Nọ́ọ̀sì jáde síta, ó ń wé gèlè rẹ̀.

"Màmá," ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi wí, ó nàka sí i lójú, "mo bẹ̀ yín, ẹ tú ọmọ wa sílẹ̀."

"Níbo ló wà tí n ó ti tú u sílẹ̀?"

"Nínú ìkòkò yẹn."

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè lé àgbàlagbà kúrò nílé bàbá rẹ̀, mo kéré ṣùgbọ́n mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo retí pé yóò bínú, tàbí kó máa búra. Ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n gbé àpótí wá fún àlejò, ó ní kí ìyá mi bu omi mímu fún un. Lẹ́yìn náà ló tẹ́ àpò sílẹ̀ láàárín àgbàlá, ó gbé ọ̀dán náà lé e.

"Àsìkò ọyẹ́ kọ́ ni wọ́n ń tú gbòǹgbò igi," ó sọ bí ẹni tó ń kọ́ wa níṣẹ́. "Ó lè kú o. Láti ìgbà ọ̀dọ́ mi ni mo ti ń gbé e kiri. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ju igi lọ. Ẹ sún mọ́bí kí ẹ fojú ara yín rí i."

Ó fi ọ̀bẹ yí etí ìkòkò ká, ó di ìdí igi mú, ó fà á. Gbòǹgbò rẹ̀ ti lọ́ mọ́ra wọn bí apẹ̀rẹ̀. Ó fi ìka tú wọn, ó ń gbọn ilẹ̀ wọn sórí àpò: iyẹ̀pẹ̀ dúdú, òkúta wẹ́wẹ́, àfọ́kù ìkòkò, ekòló kan tó ń yí gbirigbiri. Kò sí òwú, kò sí àdó, kò sí irun ẹnì kankan. Ó wá gbé òfìfo ìkòkò náà lé ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ́wọ́. Ìyẹn yí i, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó ki ìka bọ ihò rẹ̀.

"Ẹ ti rí inú ìkòkò mi," ni Ìyá Nọ́ọ̀sì wí. "Ó wá ku kí a wo inú ọmọ yín."

Bàbá mi, tó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, gbójú sókè sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mirí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ Ajé, ìyá mi àti Ìyá Nọ́ọ̀sì gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Aràn ló kún inú mi, ẹ̀jẹ̀ mi sì ti gbẹ débi pé dókítà kò gbà kí n padà sílé lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo fi máa padà, Ìyá Nọ́ọ̀sì ti ra sálúbàtà fún mi, ó ní aràn yẹn ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé, mi ò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ẹ̀yìnkùlé mọ́. Ẹ̀wà lónìí, ẹyin lọ́la. Ó ń ṣí ìpéǹpéjú mi wò láràárọ̀, títí ó fi rí pupa níbẹ̀.

Ní ti ọ̀dán, Ìyá Nọ́ọ̀sì dá a padà sínú ìkòkò, ṣùgbọ́n gbogbo ewé rẹ̀ ló já. Àánú rẹ̀ ṣe ìyá mi, ó ń bu omi sí i ní gbogbo ìgbà, títí Ìyá Nọ́ọ̀sì fi dì í lọ́wọ́ mú. "Igi tí kò léwé kò lè mu omi púpọ̀. Bí àánú rẹ bá pọ̀ jù, wàá pa á." Ó gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kò dé, ó fi àpò tútù bò ó, ó ń wọ́n omi sí i lára níwọ̀nba. Kò kánjú, kò ráhùn. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ka tó tóbi jù ti kú. Ó fi ayùn gé e. Lára àwọn tó kù, ewé pupa tín-ín-tín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi tún fi wá, tòun ti iṣu àti àpò kékeré kan tó kún fún ilẹ̀ dúdú. Kò tọrọ àforíjì. Ó kàn ní, "Màmá, ilẹ̀ oko wa dára fún nǹkan gbígbìn."

"Ẹ ṣé," ni Ìyá Nọ́ọ̀sì dá a lóhùn. "Ẹ wá bá mi dà á sí i."

Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ ti ìkòkò náà, wọ́n ń fi èdè ilé wọn, torí ti Ọ̀wọ̀ àti ti Òkèlúsè jọra, sọ̀rọ̀ òjò àti kòkó, ó yára débi pé ìyá mi ọmọ Àkókó kò lè bá wọn dá sí i.

Mo dàgbà, ṣùgbọ́n mi ò ga. Èmi ni mo kúrú jù nínú ọmọ ìyá mi, kò sì dùn mí. Ìyá Nọ́ọ̀sì kú nígbà tí mo wà nílé-ẹ̀kọ́ gíga. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gbé ọ̀dán náà lọ sí Kàdúná. Kóòtù ìbílẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, lójoojúmọ́ ni mo sì ń gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń gbèjà ara wọn: wọ́n ń búra, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń ka ìwà àtijọ́ ara wọn sílẹ̀. Mi ò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀sùn bá kan èmi fúnra mi, nílé tàbí níbi iṣẹ́, ibi tí Ìyá Nọ́ọ̀sì ń wò ní Sátidé yẹn ni mo máa ń rántí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi nàka sí i lójú. Gbogbo àgbàlá ń wò ó láti mọ ohun tí yóò ṣe. Òun kò wo ìka náà, kò sì wo ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá ló ń wò.