Ìwádìí Ìpá Tí A Dà Nù

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Nọ́ọ̀sì Ràṣídà, tó ń bójú tó yàrá iṣẹ́ abẹ wa l'Abẹ́òkúta, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó sọ fún mi pé ìwádìí mi ti bàjẹ́.

Èmi kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ mi ni láti to ìwádìí fún àwọn oníṣẹ́ abẹ, kí wọ́n lè mọ èyí tó dáa jù nínú ọ̀nà ìtọ́jú méjì. Ìpá la dójú lé nígbà náà: ṣé ká kàn fi òwú rán ibi tí ìfun ti ń yọ jáde pọ̀, àbí ká rán àwọ̀n kékeré kan mọ́ ọn?

A kì í jẹ́ kí dókítà yàn fúnra rẹ̀. Bó bá ń yàn, ó lè máa fi àwọ̀n sára àwọn tára wọn le, kó wá sọ níkẹyìn pé àwọ̀n ló dáa. Kèké la máa ń ṣẹ́. Kọ̀ǹpútà bá mi ṣẹ́ ẹ, mo kọ ohun tó kan aláìsàn kọ̀ọ̀kan sínú àpò ìwé, mo sì lẹ̀ ẹ́ pa, kí dókítà má tú u títí ó fi fẹ́ la aláìsàn náà.

Ràṣídà ní ọ̀gá wa, dókítà àgbà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ náà, máa ń gbé àpò náà sójú fèrèsé kí wọ́n tó tú u, kí wọ́n lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ohun tó wà níbẹ̀ ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á mú òmíràn.

Ọ̀gá yìí ló kọ́ mi níṣẹ́. Mi ò gbà á gbọ́. Mo mú àpò kan, mo gbé e sójú oòrùn, mo sì ka "àwọ̀n" gaara. Èmi ni mo lọ ra àwọn àpò náà n'Ìbarà, mi ò sì yẹ̀ wọ́n wò.

Mo lọ bi ọ̀gá léèrè, wọn ò sì jiyàn. "Àwọn arúgbó ló ń ṣe mí láàánú," ni wọ́n wí. "Àwọ̀n yẹn lè jẹ́ kí egbò wọn kẹ̀."

"Ẹ̀ bá ti sọ fún mi, sà, ká yọ àwọn arúgbó kúrò nínú ìwádìí náà látìbẹ̀rẹ̀."

Wọ́n ní àwọn ò rò pé ó tó nǹkan.

Mo kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ àwọn aláìsàn. Wọ́n dá ìwádìí náà dúró, wọ́n ní ká má lo ohunkóhun nínú rẹ̀. Ọ̀gá ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé ǹ bá ti dákẹ́, ṣùgbọ́n dókítà kan níbòmíràn ì bá ka irọ́ wa, kó sì máa fi la èèyàn.

Mo wá ń ránṣẹ́ pe àwọn tí a ti là, kí n lè ṣàlàyé. Bàbá àgbẹ̀ kan wá láti Ọdẹ́dá, wọ́n gbọ́ mi títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n ní àbúrò àwọn náà ní ìpá, ó sì ń bọ̀ wá ṣe é. "Èwo ni kí n sọ pé kó ṣe, òwú àbí àwọ̀n?"

"Bàbá, mi ò mọ̀."

"Pẹ̀lú gbogbo àwa tẹ́ ẹ là yìí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n dìde, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.