Ewì Tí Mama Kò Lè Kà

Bí mo bá gbọ́ tí ṣíbí ń dún nínú ife, ìyá ará Rọ́ṣíà tá a jọ gbé ilé ní Al Qasimia, àdúgbò kan nílẹ̀ Lárúbáwá, tí mò ń pè ní Mama, ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Mama kì í fi ṣúgà sí tíì, síbẹ̀ yóò máa rò ó, yóò sì máa ka ewì tó ń túmọ̀ sókè lórí ìdúró.

Látìgbà tógun Rọ́ṣíà àti Ukraine ti bẹ̀rẹ̀, ewì àwọn ìyá tọ́mọ wọn bógun lọ ló ń túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, àtìyá Rọ́ṣíà àtìyá Ukraine. Àwọn ará ilú ẹ̀ kan tìtorí ẹ̀ bá a yan odì. Mama ní, "Habibti, ọmọ mi, mi ò ní bi ẹni tó ń sunkún pé ìhà ibo ló wà."

Nígbà tó yá, ogun pa ọmọ tiẹ̀ náà. Mama ò lè padà sílé, torí ìjọba ibẹ̀ á mú un nítorí àwọn ewì tó ti túmọ̀, ni wọ́n bá sin ọmọ náà láìsí i níbẹ̀. Ó kọ ewì kan fún un, ó sì pe àwọn ọ̀rẹ́ wá gbọ́ ọ ní pálọ̀ wa. Ó dìde, ó pe orúkọ ọmọ náà, ohùn ẹ̀ há. Ó tún un pè, ó tún há.

Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Mama, lọ́dọ̀ tiwa, ìyá kì í dé ibi tí wọ́n ti ń sin ọmọ ẹ̀. Àwọn ẹlòmíì ló ń bá a ṣe é. Ẹ wọ yàrá lọ, èmi á kà á."

Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Mo kà á tán lórí ìdúró. Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́. Ìgbà náà la gbọ́ ohùn Mama lẹ́yìn ilẹ̀kùn:

"Ṣé ẹ ti sin ín tán?"

Mo ní, "A ti sin ín, Mama."